Ọba Jẹ́jẹ̀ẹ́, Ta Ló San Án?

Ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ohun àjèjì láàárín wa. Obìnrin tó ń wá ọmọ lè kúnlẹ̀ létí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, kí ó ní, "Yèyé, bí o bá fi ọmọ jíǹkí mi, n ó padà wá dúpẹ́, n ó sì mú nǹkan báyìí báyìí lọ́wọ́." Bí ọmọ bá dé, ó ti mọ gbèsè tó wà lọ́rùn òun. Ó lè ta iṣu, ó lè dá èsúsú, ó lè bẹ ọkọ rẹ̀. Àmọ́ kò jẹ́ tú ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ̀ lókùn kó fi san ẹ̀jẹ́ tirẹ̀. Bó bá dán an wò, olè la ó pè é, a kò ní pè é ní ọlọ́pẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá dá jókòó tí mo ń ro ti ààfin Mafra, ní ilẹ̀ Pọ́túgàl, nǹkan bí 30 kìlómítà sí ìlú Lisbon. Ẹ̀jẹ́ ọmọ ló bí ààfin náà. Ọba ló jẹ́ ẹ. Ti ẹni tó san án ni kò jẹ́ kí n sinmi.

Ní 1711, ọmọ ọdún 21 ni Ọba João Karùn-ún. Ó ti fẹ́ Maria Ana, ọmọ ọba ilẹ̀ Austria, láti 1708, ṣùgbọ́n ààfin kò tíì gbọ́ igbe ìkókó. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí nílé ọba. Oúnjẹ ò ní kọjá lọ́nà ọ̀fun ìyàwó láìjẹ́ pé ojú mẹ́wàá ń wo ikùn rẹ̀. Ìgbà náà ni fàdá kan, ọmọ ẹgbẹ́ Fransisi Mímọ́, tí ń jẹ́ António de São José, sọ pé bí ọba bá lè ṣèlérí láti kọ́ kọ́ńfẹ́ǹtì sí Mafra, Ọlọ́run yóò fún un lọ́mọ. Ọba ṣèlérí. Kí ọdún tó parí, ní oṣù Kejìlá, ayaba bí ọmọbìnrin, wọ́n sọ ọ́ ní Maria Bárbara.

Àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín sí ìtàn yìí tipẹ́. José Saramago, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1998, jù ú sílẹ̀ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan nínú ìtàn àròsọ tó kọ nípa Mafra ní 1982, pé bóyá fàdá náà ti gbọ́ fínrín nípa oyún kó tó lanu sọ àsọtẹ́lẹ̀. Ayaba a máa jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, ẹni tó sì ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ ní etí méjì àti ọ̀rẹ́. Ta ló lè mọ̀? Àwọn tó mọ̀ ti di erùpẹ̀. Ní tèmi, àdììtú yẹn kéré. Ì báà jẹ́ pé Ọlọ́run ló gbọ́, ì báà jẹ́ pé fàdá ló gbọ́n, ọmọ ti dé, ẹ̀jẹ́ sì ti so mọ́ ọba lọ́rùn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ohun tó wà nínú ìlérí náà níbẹ̀rẹ̀ kò tó nǹkan. Ilé fún fàdá 13 ni, àwọn fàdá tó ti fi ẹnu ara wọn búra pé àwọn ò ní kó ọrọ̀ jọ láyé. Ọba wò ó, ó ní 13 kéré. Ó di 40. Ó tún wò ó. 40 di 80. Nígbà tó yá, 80 di 300, wọ́n so ààfin mọ́ ọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, wọ́n sì gbé ṣọ́ọ̀ṣì ràgàjì sáàárín. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé Johann Friedrich Ludwig lọ́wọ́, ọmọ Jámánì tó jẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà kó tó di ayàwòrán-ilé. Ludovice ni àwọn Pọtogí ń pè é. Ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1717 ni wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ fi parí, yàrá inú ilé náà ti tó bí 1,200, àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 150, ìlẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ ń lọ sí 5,000. Gbogbo èyí nítorí fàdá tó ti búra òṣì.

Bí ọba bá ti ń kánjú, ará ìlú ni yóò máa làágùn. João fẹ́ kí wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì náà sí mímọ́ ní ọjọ́ ìbí òun, ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá, ó sì yẹ kí ọjọ́ náà bọ́ sí Àìkú. Ọdún 1730 ni Àìkú àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ yóò pàdé. Bí ìyẹn bá kọjá, ó di 1741. Ta ní fẹ́ fi ikú dá ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Ni wọ́n bá ranṣẹ́ sí gbogbo ìgbèríko pé kí wọ́n máa kó gbẹ́nàgbẹ́nà, agbẹ́kùúta àti ẹnikẹ́ni tó bá ní apá méjì wá. Àwọn tí kò fẹ́ wá, wọ́n fi okùn mú wọn wá. Òṣìṣẹ́ tó máa ń tó bí 15,000 lójoojúmọ́ di 45,000 nígbà tí iṣẹ́ le jù, ọmọ ogun 7,000 sì ń ṣọ́ wọn kí wọ́n má baà dìtẹ̀, kí wọ́n má sì sá. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé 1,383 òṣìṣẹ́ ló kú sẹ́nu iṣẹ́ náà. Nígbà tí ọjọ́ ìbí ọba pé, wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì sí mímọ́. Ilé tó yí i ká kò tíì parí.

N kò lè purọ́ pé ilé náà kò dára. Bàrókì ni wọ́n ń pe irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀, ọnà tí kì í jẹ́ kí ògiri sinmi: níhìn-ín ó rí rọ̀gbọ̀dọ̀, lọ́hùn-ún ó tẹ̀ kọrọdọ, ère ń yọjú láti inú kọ̀rọ̀, òkúta pupa dojú kọ òkúta funfun, ìmọ́lẹ̀ sì ń já bọ́ láti òkè bí ẹni pé ọ̀run ò jìnnà. Ó fẹ́ kí ẹni tó wọlé gbàgbé ara rẹ̀, kó sì rántí Ọlọ́run àti ọba pa pọ̀, láìmọ èyí tó ń rántí jù. Ìtálì ni wọ́n ti gbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ère inú ṣọ́ọ̀ṣì náà kí wọ́n tó fi ọkọ̀ kó wọn wá. Agogo tó wà nínú ilé ìṣọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ní 90, Antwerp àti Liège ni wọ́n ti rọ wọ́n. Wọ́n máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n dá iye owó ẹgbẹ́ agogo kan fún ọba, ó ní òun kò mọ̀ pé ó pọ́ọ́kú tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kúkú ṣe méjì. Bóyá ó sọ ọ́, bóyá kò sọ ọ́, ìtàn náà bá ìwà rẹ̀ mu. Dùùrù ńlá mẹ́fà ló wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, tí wọ́n ṣe kí wọ́n lè máa fọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Yàrá ìkàwé rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ó gùn ju 80 mítà lọ, ìwé inú rẹ̀ sì lé ní 30,000. Póòpù Benedict Kẹrìnlá tilẹ̀ fún wọn láṣẹ ní 1754 pé kí wọ́n máa tọ́jú ìwé tí ìjọ fòfin dè síbẹ̀, débi pé ìwé tí ènìyàn lè torí rẹ̀ wẹ̀wọ̀n lójúde wà níbẹ̀ láìséwu. Kòkòrò ni ọ̀tá ìwé, àwọn àdán kéékèèké tí wọ́n ń gbé ibẹ̀ ló sì ń bá wọn jà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn á jáde, wọn á máa ṣọdẹ kòkòrò láàárín àwọn pẹpẹ ìwé títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn àgbà wa ní àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ. Mo máa ń rò ó pé bí a bá fẹ́ mọ Mafra dáadáa, àfi ká ṣe bíi tàwọn àdán yẹn, ká wò ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè.

Bí a bá wò ó bẹ́ẹ̀, owó la ó kọ́kọ́ rí. Pọ́túgàl kì í ṣe ilẹ̀ ńlá, ilẹ̀ rẹ̀ kò sì mú irè oko tó lè gbé irú ilé yìí dúró. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 1690 sí 1700 ni wọ́n ti rí wúrà nínú òkè àti odò Minas Gerais, ní Bràsílì. Òfin ni pé ìdá kan nínú márùn-ún jẹ́ ti ọba. Bí ọkọ̀ bá gúnlẹ̀ sí Lisbon, ìpín ọba ti wà nínú rẹ̀. Kò gbin ín, kò wà á, kò sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Látijọ́, bí ọba Pọ́túgàl bá ń wá owó, yóò pe ìgbìmọ̀ aṣojú ìlú tí wọ́n ń pè ní Cortes jọ, wọn yóò bá a dúnàádúrà, wọn yóò sì sọ ohun tó ń dun ìlú fún un. João jọba láti 1706 títí ó fi kú ní 1750, kò pe Cortes lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ló fẹ́ pè wọ́n fún? Ọba tí owó rẹ̀ kò ti ọwọ́ aráàlú wá, etí rẹ̀ kì í sábà gbọ́ ohùn aráàlú. Ní 1720, àwọn ará Vila Rica ní Minas dìtẹ̀ nítorí owó orí wúrà. Wọ́n pa Filipe dos Santos, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, kí àwọn yòókù lè rí i kẹ́kọ̀ọ́. Mafra ń ga sí i lọ́hùn-ún.

Ta ló wa wúrà náà? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilẹ̀ wa. Àwọn olówó Minas gbà pé àwọn tí wọ́n kó wá láti etíkun tí Pọtogí ń pè ní Costa da Mina mọ iṣẹ́ wúrà ju àwọn ẹrú yòókù lọ, wọ́n sì ń san owó gọbọi lórí wọn. Ajudá, tí a mọ̀ sí Ouidah lónìí, ni èbúté tó lókìkí jù ní etíkun náà. Tábà Bahia, tí wọ́n fi omi ìrèké pa tó ń dùn lẹ́nu, ni wọ́n fi ń pààrọ̀ ènìyàn níbẹ̀. Ní 1721, ọdún kẹrin tí iṣẹ́ Mafra bẹ̀rẹ̀, àwọn Pọtogí dá odi kalẹ̀ ní Ajudá, wọ́n fi orúkọ Jòhánù Onítẹ̀bọmi pè é.

Bí mo bá fi ọjọ́ Mafra àti ọjọ́ tiwa síra wọn, orí mi a máa wú. Ní 1724, Agaja ọba Dahomey gba Àláàdá. Ní 1727 ó gba Ajudá. Láti 1726 ni ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ti ń ya lu Dahomey, tí Agaja ń sá wọgbó, tó ń padà bọ̀, tó tún ń sá. Ní 1730 ó gbà pé òun yóò máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún Aláàfin. Ọdún 1730 kan náà ni wọ́n ń lu agogo ní Mafra tí ọba ń ṣe ọjọ́ ìbí. Aláàfin kò mọ João, João kò mọ Aláàfin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ogun kó ní ẹ̀bá Ajudá lè di ẹni tó ń fi igbá jọ yanrìn wúrà nínú odò Minas, ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó bá sì rí yóò wọ àpò ọba tó ń kọ́lé. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹrú ní Minas, "Mina" ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pọ̀ wọn. Ní ẹ̀gbẹ́ àwọn kan, wọ́n kọ "Nagô". Àwa ni ìyẹn. Àwọn yòókù jẹ́ Fọn, Máhì, Gùn àti àwọn aládùúgbò wa mìíràn. Wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Pọtogí kan ní Vila Rica, António da Costa Peixoto, fi kọ ìwé kékeré kan parí ní 1741 láti fi èdè wọn, èdè tó súnmọ́ Fọn àti Gùn, kọ́ àwọn olówó ẹrú, kí wọ́n lè mọ ohun tí àwọn ẹrú ń bá ara wọn sọ. Ẹ ò rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n.

Àwọn tó kú ní Mafra ní iye: 1,383. Àwọn tó kú sínú ihò wúrà kò ní iye tí ẹnikẹ́ni lè kà jálẹ̀.

Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ àdììtú Mafra, eku ni wọ́n sábà ń mẹ́nu bà. Wọ́n ní àwọn eku kan wà nínú ihò abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ tó tóbi bí ajá, tí wọ́n ń jẹ ènìyàn. Wọ́n ní bí ilé náà ṣe ga lókè ló ṣe jìn nísàlẹ̀, àti pé ọ̀nà kan gba abẹ́ ilẹ̀ lọ títí dé etí òkun ní Ericeira. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kú, pàápàá lẹ́nu àwọn ọmọ ogun tó ń sùn sí ilé náà. Kòtò ìdọ̀tí ilé tó gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kò lè ṣàì léku, ìyókù ẹ fi sílẹ̀ fún àsọdùn. Síbẹ̀, n kì í fi ìtàn eku náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jọ pé ará ìlú mọ̀, láìsí ẹni tó kọ́ wọn, pé irú ilé báyìí kò lè ṣàìní nǹkan tó ń jẹ ènìyàn lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ibi tí ẹnu rẹ̀ wà. Apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà wà ní òdìkejì òkun.

Ọmọ tí wọ́n torí rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ wá ńkọ́? Maria Bárbara dàgbà, ó mọ dùùrù ta gan-an. Domenico Scarlatti, ọ̀gá olórin ọmọ Ìtálì, ló kọ́ ọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1729 wọ́n fà á fún ọkọ lẹ́bàá odò Caia, ní ẹnubodè Sípéènì, ó sì di aya Fernando tó jọba Sípéènì lẹ́yìn náà. Scarlatti tẹ̀ lé e lọ. Nígbà tí wọ́n ya ṣọ́ọ̀ṣì Mafra sí mímọ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ti wà nílé ọkọ. Ó kú ní 1758, kò bímọ. Ọmọ tí wọ́n fi òkè òkúta dúpẹ́ lórí rẹ̀ kò rí ọmọ tirẹ̀ gbé pọ̀n. N kò sọ pé ẹ̀san ni o. Àgàn kì í ṣe ẹ̀san, ẹnikẹ́ni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin ti ṣẹ̀ ẹ́. Mo kàn ń wò ó ni.

Ilé náà fúnra rẹ̀ kò rí olólùfẹ́ tó fi í ṣe ibùgbé títí ayé. Àwọn ọba ń wá síbẹ̀ fún ọdún àti fún ọdẹ, wọn á sì padà lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní Lisbon ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1755, ààfin Ribeira tí wọ́n ń gbé wó, Mafra dúró. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Napoleon ń bọ̀ ní 1807, João mìíràn, tó di João Kẹfà lẹ́yìn náà, kó ẹrù tó dára nínú ààfin náà, ó sì gba ojú òkun lọ sí Bràsílì, níbi tí wúrà ti wá. Ní 1834, ìjọba lé àwọn fàdá kúrò ní gbogbo kọ́ńfẹ́ǹtì ilẹ̀ náà, àwọn ọmọ ogun sì kó wọ ibi tí wọ́n fi sílẹ̀. Títí di òní, wọ́n ń kọ́ ọmọ ogun níṣẹ́ níbẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 1910, Manuel Kejì, ọba tó jẹ kẹ́yìn ní Pọ́túgàl, sá kúrò ní Lisbon, ó sùn ní Mafra, ó wọ ọkọ̀ ní Ericeira lọ́jọ́ kejì, kò sì jọba mọ́ títí ó fi kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1932. Ní 2019, UNESCO kọ orúkọ ilé náà mọ́ àwọn ogún tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Mo gbà. Ó jẹ́ ti gbogbo ayé lóòótọ́, nítorí pé kì í ṣe apá kan ayé nìkan ló san owó rẹ̀.

Ṣé kí n wá kórìíra bàrókì ni? Mo ti bi ara mi. Bí mo bá kórìíra rẹ̀, mo ti kórìíra nǹkan tiwa nìyẹn. Àwọn àtọmọdọ́mọ àwọn tí wọ́n kó lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà ní Bràsílì, wọ́n gbà á mọ́wọ́, nígbà tí wọ́n sì di òmìnira, wọ́n padà sí Èkó, Ajudá àti Àjàṣẹ́, a ń pè wọ́n ní Àgùdà. Ọnà tí wọ́n mú bọ̀ wà lára ilé Pópó Àgùdà ní Èkó. Mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́ jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia débi pé àlejò máa ń ṣe kàyéfì. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1894, ọwọ́ João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ló ti jáde. João kan kọ́ Mafra, João mìíràn kọ́ mọ́ṣáláṣí. Ọnà kò ṣẹ̀. Ẹni tó bá lò ó ni ká bi léèrè.

Ẹ sì wo ẹni tó ní kí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí náà. Sàró ni wọ́n bí Mohammed Shitta sí, ọmọ àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú. Ó ṣòwò títí ó fi là, ó sì fi owó òwò rẹ̀ kọ́ ilé fún Ọlọ́run rẹ̀. Kò fi ọmọ ogun ṣọ́ òṣìṣẹ́. Mọ́ṣáláṣí náà kéré, yóò wọ inú àgbàlá kan ní Mafra, àyè á sì tún ṣẹ́kù. Bí wọ́n bá ní kí n mú èyí tó jẹ́ ọpẹ́ tòótọ́ nínú méjèèjì, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àsìkò wa náà kún fún ẹ̀jẹ́. Òṣèlú ń jẹ́jẹ̀ẹ́ lórí pèpéle, olówó ń jẹ́jẹ̀ẹ́ níwájú pẹpẹ, ilé ńláńlá sì ń yọrí lójoojúmọ́ ní orúkọ Ọlọ́run àti ti ìlú. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má kọ́lé. Owó yín ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Ẹ̀jẹ́ tí wọ́n fi ọrùn ẹlòmíràn san kò tíì san.